Dígí Tí Mo Kọ Orúkọ Làtífù Sí

Bàbá Gbọ́lágadé, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ilé Asiata tí ẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe àdúà. Ẹ ní kí èmi Nọ́fíù, ọ̀rẹ́ láti kékeré fún Làtífù ọkọ ìyàwó tó jókòó síhìn-ín, wá sọ ìdí tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi kúrò nílé, kí ọkàn yín lè balẹ̀ kí ẹ tó fa Asiata ọmọ yín fún un ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bí mo bá ní ọmọbìnrin, èmi náà á béèrè. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti wí fún yín pé ìkà ni Ibiere, pé ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyá ọkọ rẹ̀ títí ìyá fi kú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Ó ti di oṣù méje tí mo ti ń jẹun pẹ̀lú yín, tí mo ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí mo sì gbé irọ́ náà mì. Lónìí ẹ ní kí n fi ṣe ẹ̀rí. Wallahi, n kò lè tún un pa. Òtítọ́ ni n ó sọ, bí ẹ bá sì fẹ́ nà mí lẹ́yìn náà, ẹ nà mí.

Gbogbo ẹni tó bá ti pẹ́ ní Port Harcourt mọ̀ pé ìyá Làtífù kì í ṣe Yorùbá. Ikwerre ni, ará Isiokpo. Bàbá Làtífù tó ti Ọ̀yọ́ wá ránṣọ níbí ló fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìlú dàrú, tí wọ́n ní kí àwa àlejò máa lọ sílé wa, èmi àti Làtífù àti Ibiere kó lọ sí Ọ̀yọ́. Ìyá kọ̀, kò bá wa lọ. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, pé Isiokpo lòun ń lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun. Làtífù sì fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí sójà ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ní 1968 tí a padà wá, kò sí lọ́rì tó ti ọ̀nà Isiokpo wọlé tí Làtífù kì í sáré lọ bá. Á di ọkọ̀ mú, á máa béèrè lọ́wọ́ èrò: “Abeg, una see one old mama, she get mark for chin?” Wọ́n á ní àwọn ò rí i. Wọ́n á ní àwọn ará abúlé ti sá wọ igbó, wọ́n á ní ebi ti pa ọ̀pọ̀. Ó lé ní ọdún kan tó fi ń béèrè, Ibiere sì ń bá a béèrè. Òótọ́ ni pé ìyàwó àti ìyá ọkọ máa ń jà tẹ́lẹ̀, lórí ẹja, lórí ìkòkò, lórí ẹni tó lo omi ẹni. Ilé wo ni kò ti sí irú ẹ̀? Ṣùgbọ́n ìjà yẹn ni mo wá rí lò.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa yí fíìmù ní ilé sinimá kan tí kò jìnnà sí Creek Road. Nítorí kónílé-ó-gbélé, aago méjì ọ̀sán ni à ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá mi wà lókè, àtẹ̀gùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé, ihò kan sì wà lára ògiri tí mo fi ń wo gbọ̀ngàn. Bí èrò bá ti wọlé tán, a máa ń ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pa, kí àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì má baà fi ipá wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ènìyàn rẹ̀ ní kánjúkánjú, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Mo ní àwọn dígí pẹlẹbẹ kan tí mo ti fi èéfín àtùpà kùn dúdú. Ìṣó ni mo fi ń ha orúkọ sí i, n ó kì í bọ iwájú iná, orúkọ náà á sì yọ gàdàgbà lára aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn sí níwájú gbogbo ènìyàn. Àṣẹ ọ̀gá wa ni pé bí ìpè bá ti dé, kí n fi hàn lójú ẹsẹ̀, fíìmù ì báà dùn tó oyin. Mo ti pe ọkọ obìnrin tó ń rọbí, mo ti pe bàbá ọmọ tí gìrì mú. N kò fi ti ẹnikẹ́ni falẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọ̀gá ra àpótí fíìmù àlòkù kan. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, fíìmù ìpànìyàn, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ òṣèré inú rẹ̀. Òyìnbó kan ni tó máa ń ṣe dókítà onínúure lórí tẹlifíṣọ̀n kí ogun tó dé. Ẹnu fèrèsé ìsọ̀ onírédíò la ti ń wò ó, ìyá Làtífù náà á sì máa kí i látinú èrò pé, “Dokita, well done.” Nínú fíìmù yìí kì í ṣe dókítà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ọlọ́pàá sì ń wádìí ẹni tó tì í. Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tó ṣe fíìmù yẹn kò lówó lọ́wọ́! Bí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn dé, ògiri á mì. Mọ́tò tó gbé ọlọ́pàá láàárọ̀ ló tún gbé olè nírọ̀lẹ́. Ìbọn á dún tán kí ọwọ́ tó fà á. Síbẹ̀ ó dùn, ó dùn débi pé a gbàgbé pé ogun wà. Èmi náà kò mọ bí yóò ṣe parí, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ kò tó èyí tí a lè fi dán an wò ṣáájú.

Èmi ni mo fa Làtífù lọ. Mo ní, “O ò rẹ́rìn-ín láti èṣín. Wá wo Dókítà Màmá ẹ.” Ó kọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó wá. Ìlà kẹta ló jókòó sí, mo sì ń rí i láti ojú ihò mi. Ó ń gbá èjìká sójà kan tí kò mọ̀ rí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìdì mẹ́rin ni wọ́n ká fíìmù náà sí. Nígbà tí mò ń pààrọ̀ ìdì kẹta sí ìkẹrin, gbogbo gbọ̀ngàn ti di iyàn. “Na him kill am!” “Dokita? Lie! Dokita no fit kill person!”

Ìdì kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí nígbà tí Ibiere sáré gun àtẹ̀gùn mi. Kò wọ bàtà. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá Nọ́fíù, Mama don come! Lọ́rì gbé e wá láti Isiokpo, ó wà ní géètì níta. But she no strong o, Bọ̀dá. Kò lè dìde. Làtífù ló ń pè. Abeg, ẹ bá mi pè é kíá.” Mo ní, “Alhamdulillahi! Lọ jókòó tì í, n ó pè é báyìí.” Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo mú dígí, mo ha á sí i: LÀTÍFÙ, WÁ SÍ GÉÈTÌ. Kí n na ọwọ́ nìkan ló kù.

Bí mo ṣe fẹ́ na ọwọ́ ni òyìnbó yẹn wọ yàrá ìyàwó rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo bá fi dígí hàn, orúkọ á bo àwòrán mọ́lẹ̀, n kò sì ní rí ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí n kàn rí ìyẹn. Ìbọ̀wọ́ ni. Ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn, mo ní kí n mọ̀ bóyá yóò ṣí i. Ó ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sún un síwájú. Mo sọ fún ara mi pé mò ń ṣàánú Làtífù ni, pé kí n jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Àánú kọ́ o. Fíìmù ló ń dùn mọ́ mi. Ojúkòkòrò ojú lásán ni, mo sì jẹ́ bàbá ọmọ méjì.

Solomon tó ń ṣọ́ géètì wá kan ilẹ̀kùn mi. “Oga Nọ́fíù, that woman say make you hurry. Mama dey ask, where my pikin? Her eye don dey turn.” Mo ní dígí fọ́, mò ń kọ òmíràn. Dígí náà wà lórí itan mi, Solomon sì rí i. N kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò ó. Ogún ìṣẹ́jú ni ìdì kan, mo sì wò ó tán. Dókítà ló pa ìyàwó rẹ̀. Gbọ̀ngàn hó yèè, àwọn sójà ń ju fìlà sókè, èmi náà dá dúró lókè níbẹ̀, mò ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mò ń pàtẹ́wọ́ ni ìyá kú.

Làtífù jáde, ó ń rìn bí Dókítà, ọwọ́ kan nínú àpò, ó ń pa àwọn tó tẹ̀lé e lẹ́rìn-ín. Ó wá rí èrò ní ìdí lọ́rì. Ìyá wà lórí àpò ẹ̀gẹ́, ó gbẹ, orí rẹ̀ wà lórí itan Ibiere. Làtífù di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń fi èdè Ikwerre sọ fún un pé òun ti dé, òun ti dé. Ọwọ́ náà ṣì gbóná. Lẹ́yìn náà mo fi ẹsẹ̀ mi wọn ibẹ̀: láti ìjókòó rẹ̀ dé ìdí lọ́rì, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ.

Ó bi Ibiere pé, “Ìgbà wo lẹ dé?” Ibiere ní, “E don tey. Mo sọ fún Bọ̀dá Nọ́fíù. Mo tún rán Solomon.” Làtífù yíjú sí mi. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti fi apá ẹ̀wù mi nu orúkọ rẹ̀ kúrò lára dígí. Mo ní, “Kò pẹ́ rárá. Fíìmù ti ń parí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.” Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Mo tún fi kún un pé, “O ṣáà mọ bí òun àti Màmá ṣe wà.” Solomon wolẹ̀. Èmi ni mo wá iṣẹ́ fún un, kò sì lè já mi nírọ́. Làtífù na ọwọ́, ó gbá Ibiere létí, orí ìyá ṣì wà lórí itan rẹ̀. Ibiere gbójú sókè. Èmi ló ń wò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá Gbọ́lágadé, ẹ̀yin bẹ Làtífù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní Nọ́fíù ọ̀rẹ́ òun kì í purọ́.

Ogun ti parí báyìí, oníkálukú ń wá ẹni tirẹ̀ kiri. Ní ìjẹta mo rí Ibiere ní ọjà Creek Road, ó ń ta ìṣáwùrú. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe. Mo dúró tì í. Ó ní, “Bọ̀dá Nọ́fíù, I no go fight you. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. That film, e sweet?” Mo wá irọ́, n kò rí. Mo ní, “Ó dùn.” Ó mi orí, ó ń ṣa ìṣáwùrú rẹ̀ lọ. Ó wá ní, “Mama talk before she die. Làtífù ò jẹ́ kí n jíṣẹ́.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún mi kí n jíṣẹ́ náà fún Làtífù. Ó kọ̀. Ó ní, “Na Latifu get am. Tẹ́ ẹ bá gbé e, ẹ ó tún jókòó lé e.”

Ẹ̀yin ará ilé Asiata, ẹ foríjì mí, mo ti ba ìjókòó yín jẹ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe nípa yìgì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ibiere kò lẹ́bi. Ọjọ́ tí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ẹni rere kí ó tó rántí ìyá tó kú sí géètì. Làtífù, n kò tíì bẹ̀ ọ́ nítorí ara mi, n kò sì mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá rẹ wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ, ọjà kò sì tíì tú. Dìde. Máa lọ. Má dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ mi.