Ìkòkò Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nílé Ààfáà

Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin lẹ́bàá Ìwó ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí létí odò, lẹ́nu ìyàwó ààfáà kan tó ń rojọ́ fún ìyá àgbà kan.

“Ìyá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí n kò rí tà, tó ti rà, ni mo rẹ sínú ìkòkò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí n lè máa bu omi rẹ̀ sídìí ilá mi. Ni aládùúgbò kan bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó lọ sọ fún ọkọ mi pé mò ń pọn ọtí àgàdàgídí nílé ààfáà.”

“Háà! Kí lọkọ rẹ wá ṣe?”

“Inú bí wọn. Wọ́n ní kí n dà á nù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, ‘Baálé mi, ilá tí ẹ fi jẹ ọkà lánàá, irú omi yìí ni mo fi bọ́ ọ. Ṣé ọtí wá pa yín ni?’”

Agbè omi tèmi ti kún, ṣùgbọ́n n ò tíì rù ú. Ta ló fẹ́ lọ?

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́, wọ́n dà á sínú ìkòkò náà, wọ́n pò ó. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe aládùúgbò yẹn, wọ́n ní bó bá ṣì ń pè é lọ́tí, kó gbé igbá tirẹ̀ wá.”