Èmi Ni Mo Gbé Àìsàn Mi Lé Ìyàwó Mi Lórí

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin tí a jọ ń kírun, ẹ̀yin tí a jọ ń sáré gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Àpápá, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí. Èmi Àlhájì Mansur Àkànó ní ohun kan tí mo ti fi agbádá bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì tó àsìkò kí n ká agbádá náà sókè. Mo ti gbìyànjú láti fi ẹnu sọ ọ́, ẹ ò gbà mí gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo yín lórí Wásáàpù àdúgbò, níbi tí ẹ ti máa ń gba ohun gbogbo gbọ́.

Àìsàn kan wà lára mi. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí àwa àgbà ọkùnrin máa ń fi yangàn láàárín ara wa bí ẹni pé oyè ni. Bàípólà ni dókítà pè é. Ó máa ń gbé ọkàn ènìyàn sókè títí á fi rò pé òun lè fi èjìká gbé tírélà. Tó bá sì tún yá, á jù ú sílẹ̀ gbì, kò ní lè gbé ṣíbí. Ìgbà tó kọ́kọ́ gbé mi sókè, Coconut ni mo lọ, níbi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí. Mo gun orí táyà kan, mo ń ṣèlérí fún àwọn dẹ́rẹ́bà pé èmi yóò la títì tuntun fún wọn gba orí omi kọjá. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Lucky ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan: "Alhaji, na you we go vote!" Àìsàn ń ṣe mí ní gbangba, ní ọ̀sán gangan, wọ́n rò pé òṣèlú ni.

Tó bá wá jù mí sílẹ̀, inú yàrá ni mo máa ń wà. Kọ́tìnì á wà ní fífà, mi ò ní wẹ̀, mi ò ní fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ràdíátù ìyàwó mi, tí gbogbo yín mọ̀ pé ó ń ta ẹja inú yìnyín níwájú ilé wa, ló máa ń dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa wí: "Àlhájì ti lọ sí Dubai." Ẹ̀yin náà ò jẹ́ kó rí ìsinmi, gbogbo yín lẹ ń ránṣẹ́ pé kí n ra nǹkan bọ̀ fún yín. Ràdíátù á lọ ra dàbínù àti lọ́fínńdà ní ọjà Bọ́ńdìrì, á já láílọ́ọ̀nù rẹ̀ dà nù, á pín in fún yín pé Dubai ni mo ti rà á, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó ní, "Háà, tibẹ̀ mà yàtọ̀ sí tiwa níbí o!" Tí ara mi bá sì yá tí mo jáde, ẹ ó ní awọ ara mi ti mọ́, pé atẹ́gùn ibẹ̀ bá mi lára mu. Ẹni tí kò rí oòrùn fún ọjọ́ pípẹ́, báwo ni awọ ara rẹ̀ ò ṣe ní mọ́?

Nígbà tó yá, Ràdíátù sọ pé irọ́ ti sú òun, ó bẹ̀ mí títí mo fi gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Bí olè ni mo ṣe ń lọ. Màá wọ awò dúdú, màá lo ìbòmú, màá fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Àwọn aláìsàn tó kù jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ ènìyàn, èmi nìkan ni mo jọ ẹni tó fẹ́ fọ́ báǹkì. Àmọ́ oògùn náà bá mi mu. Mò ń sùn, mò ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi. Dípò kí n dúpẹ́ kí n sì gbé jẹ́ẹ́, ìbẹ̀rù pé ẹnìkan á dá mi mọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣe.

Ní ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti rí Ruqoyah. Ẹ mọ Ruqoyah, ọmọ Kafilat tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, èyí tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ gúgúrú, kò fi nǹkan kan bojú. Mo yí ojú sí ògiri títí wọ́n fi pè é wọlé. Ní ọjọ́ kejì, a pàdé lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Daddy. Ẹ kú àbọ̀ Dubai." Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣẹ́jú. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọmọ yẹn ti ń bà mí ju ẹ̀rù àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù lọ.

Nígbà náà ni Sànúsí ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé ni Sànúsí, òun ló ni àwọn tírélà funfun wọ̀nyẹn. Ó ti kó lọ sí GRA ní Àpápá, kì í sì í fẹ́ kí n rántí níwájú àlejò pé Ajégúnlẹ̀ níbí ni a jọ ti ń ru garawa omi. Yasir ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Ruqoyah. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kí àwọn ẹbí ọkọ tó lọ tọrọ ọmọ, wọn á kọ́kọ́ yọ́ lọ bá aládùúgbò àwọn ìyàwó, wọn á béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá wèrè wà níbẹ̀. Èmi ni aládùúgbò náà. Sànúsí rẹ ohùn sílẹ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé àga lè gbọ́. Ó ní, "Àkànó, ìwọ lo mọ ilé yẹn. Ṣé ó mọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo rò ó pé tí ọmọ yìí bá wọ ilé Sànúsí, òun ni yóò máa gbé tíì fún un. Lọ́jọ́ kan, láìní ibi lọ́kàn, á ní, "Daddy, èmi àti ọ̀rẹ́ yín jọ máa ń pàdé níbì kan." Mo bá wúkọ́. "Ọmọ dáadáa ni o, Sànúsí. Ṣùgbọ́n…" Mo fi ṣùgbọ́n náà sílẹ̀ lórí tábìlì bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kí ni?" Mo ní, "Kí n má purọ́ fún ẹ, ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orí." Ẹ gbọ́ èmi, tí mò ń sọ pé n kò fẹ́ purọ́! Ibi tó sì burú sí ni pé òótọ́ ni mo sọ, ìlàjì òótọ́, tí mo sì mú ìlàjì tèmi sápò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fagi lé ìtọrọ. Ta ni Kafilat wá bá? Èmi ni. Ó kúnlẹ̀ tẹkúntẹkún: "Àlhájì, ẹ̀yin ni baba tí a ní. Ẹnìkan ti ba ọmọ mi jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ bẹ̀ wọ́n." Mo sọ pé kó nu ojú rẹ̀, mo sì lọ wọ agbádá tuntun. Mo rò pé tí mo bá ti jókòó láàárín wọn tí mo sọ̀rọ̀ bí àgbà, kò sẹ́ni tó máa fura sí mi.

Nígbà tí a dé pálọ̀ Sànúsí, Ruqoyah kò sẹ́ nǹkan kan. Ó ní, "Òótọ́ ni, Daddy. Mò ń gba ìtọ́jú. Mò ń lo oògùn mi, mò ń lọ síbi iṣẹ́ mi. Yasir mọ̀ kó tó sọ pé òun fẹ́ mi." Yasir ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Èmi gan-an ti sìn ín lọ rí." Sànúsí fò dìde. "Ìwọ mọ̀ kẹ̀? O mọ̀, o sì fẹ́ kó wèrè wọ ilé mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Kafilat nínú. "Ẹ má pe ọmọ mi ní wèrè o! Ẹni tó rí i níbẹ̀ dà? Kó jáde wá! Kó sọ fún wa ohun tí òun náà lọ ṣe níbẹ̀!" Sànúsí na ọwọ́ sí mi. "Ṣebí ẹ̀ ń wò ó. Àkànó tí ẹ mú wá bẹ̀ mí yìí náà ló rí i."

Kafilat wò mí. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Àlhájì? Ẹ̀yin kẹ̀? Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?" Ruqoyah náà wò mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ, ì bá tán fún mi. Kò sọ ọ́. Bóyá ó ń retí pé kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń rì sómi rí, bó ṣe máa ń di ẹni tó bá sún mọ́ ọn mú? Ẹnu mi yà, mo sì gbọ́ ohùn ara mi: "Ràdíátù ni mo mú lọ. Orí ìyàwó mi ni kò pé."

Ìyàwó mi! Obìnrin tó ti ń fi dàbínù Bọ́ńdìrì bo àṣírí mi! Ní wákàtí yẹn, ẹja ló ń gé níwájú ilé, kó lè rí ọbẹ̀ sè fún mi. Sànúsí sì gbá mi mọ́ra. "Àkànó! Gbogbo èyí ni ìwọ nìkan ń fara dà?" Ó yíjú sí Kafilat. "Ẹ wá wo ohun tí ojú ọ̀rẹ́ mi ń rí. Irú rẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ tèmi náà máa rí?" Báyìí ni irọ́ tí mo fi gba ara mi là ṣe tún di ẹ̀rí lòdì sí Ruqoyah. Ọmọ náà dìde, ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é. Kó tó di Jímọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká gbogbo àdúgbò. Lèmọ́mù ṣe wáàsí lórí ọkọ onísùúrù, ó ń wò mí. Èmi náà tẹrí ba bí ẹni tí ọ̀run ti ń dúró dè. Ẹ ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Ẹnìkan tí mi ò ní dárúkọ fi fọ́tò àbúrò rẹ̀ hàn mí, ó ní ara ọmọ náà le dáadáa, orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n níwájú ilé, ẹ ò ra ẹja Ràdíátù mọ́. Tó bá pè yín wá ra ẹja kòtè, ẹ ó rọra dá a lóhùn bí ẹni ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá bínú, ẹ ó ní ṣé ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀? Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bi mí pé, "Olówó orí mi, kí ni mo ṣe fún àwọn èèyàn wọ̀nyí?" Mo ní ọjà ló dá.

Ruqoyah nìkan ló ṣì ń wá rajà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ràdíátù bi í léèrè. Ọmọ náà ní, "Mummy, ẹ bi Daddy." Ràdíátù wọlé wá bá mi, ó ti ìlẹ̀kùn, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àga, òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àìsàn yín ò tì mí lójú rí. Òní lẹ wá tì mí lójú." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹnu tí ẹ fi sọ ọ́, ẹnu yẹn náà lẹ máa fi kó o."

Mo sáré lọ bá Sànúsí. "Èmi ni, kì í ṣe Ràdíátù!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Irú ọkọ wo rèé! Ó tún fẹ́ gba ìtìjú ìyàwó rẹ̀ rù!" Mo fi páálí oògùn hàn án, orúkọ mi wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní, "Súbúhánáláhì! Ó tiẹ̀ ń fi orúkọ ara rẹ̀ gba oògùn fún un!" Mo lọ bá Lèmọ́mù, òun ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á fi kún wáàsí. Mo wá lọ bẹ Ruqoyah pé kó jẹ́rìí sí i pé èmi ló rí. Ó mi orí. "Daddy, àwa tá a máa ń jókòó níbẹ̀ kì í sọ ẹni tá a rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ọ́."

Ó ku ọ̀nà kan. Mo ní kí Sànúsí fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn náà. Mi ò wọ awò, mi ò lo ìbòmú. Nọ́ọ̀sì kan rí mi láti òkèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín: "Àlhájì Àkànó! Ẹ ò mà bojú lónìí!" Àṣé wọ́n ti mọ̀ mí látìgbà yìí wá, èmi nìkan ni mò ń fi ara mi pamọ́ fún ara mi. Sànúsí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò yíká. Tíṣà kan wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì kan wà níbẹ̀, ìyá kan ń hun fìlà ọmọ. Ó fẹnu sí mi létí: "Àwọn wèrè náà dà?" Ìyá tó ń hun fìlà gbọ́ ọ, ó fi sùúrù dá a lóhùn: "Ẹ fara balẹ̀, sà. Wọ́n máa tó pe nọ́ńbà tiyín náà."

Sànúsí wa mọ́tò gbé mi padà. Ó gbà mí gbọ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì lọ sílé Kafilat. Ó ní òun ń ronú. Sànúsí, ojú gbogbo ayé ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. O bi mí bóyá ilé wọn mọ́. Ìdáhùn mi rèé: ó mọ́. Èmi tí o ti ń bá jẹun nínú àwo kan náà láti kékeré, mo ní irú àìsàn tí ọmọ yẹn ní, oúnjẹ náà ò sì korò lẹ́nu rẹ rí. Jẹ́ kí ọmọ rẹ náà bá ẹni tó wù ú jẹun. Lọ tọrọ Ruqoyah, kí o sì mú mi dání kí n lè dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò, orí Ràdíátù pé, ó pé ju tèmi tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ ra ẹja. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ọkàn yín bá ń gòkè tó ń sọ̀ lọ́nà tí kò yé yín, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má sì di ẹrù yín lé ẹlòmíràn lórí. Ruqoyah, dárí jì mí. Mi ò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, mo kàn ń béèrè ni.

Ràdíátù ka èyí kí n tó fi í ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ síbí pé omijé ń dà lójú mi. Ó ní kí n pa ìlà yẹn rẹ́, pé tí ẹ bá ti gbọ́ omijé, ẹ ó gbàgbé òun, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. Mo ti pa á rẹ́.