Kùrukùru Inú Bàálù Àna Mi

Ẹ má tíì mú nǹkan kan lórí tábìlì yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀mú wà níbi tó wà, ẹ jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì wà níbi tó wà. Àna mi kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá òkè ìsọ̀ bàtà yìí lónìí kí ó lè pín in fún wa, nítorí ó ní ojú òun ń bàjẹ́. Bí a bá jẹ́ kí ó pín in tán, tí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ inú mi kò ní ríbi jáde mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan nǹkan. Èmi ni mo sọ ojú ọkùnrin yìí di ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fọkàn tán. Bí mo ṣe ṣe é, mo mọ̀ ọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ìdí tí mo fi ṣe é ni mo ti wá títí, tí mi ò tíì rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa lè má mọ bí àwa méjèèjì ṣe jẹ́ síra wa. Àbúrò mi obìnrin ni ìyàwó rẹ̀. Òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé báàgì lọ́wọ́, tó ń wò mí bí ẹni pé mo ti mutí. Èmi ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe, òun ń tún aago ọwọ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ bàálù àti mọ́tò oníke tí a ń tò níbí. Mo ra páálí kan, mo ṣí i, mo rí àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ike bí èso lára ẹ̀ka, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé, mò ń fá, mò ń lẹ̀, mò ń bà á jẹ́, títí mo fi mọ ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Ohun kan wà tó ń dùn mọ́ mi níbẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ: pé bàálù tó tóbi tó ilé lè wọ àtẹ́lẹwọ́ ẹni, kí ìṣó ara rẹ̀ má sì dín kan. Èmi ni mo fi iṣẹ́ náà han àna mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bí mílíìkì, àti bí wọ́n ṣe ń fi sítíkà sínú omi kó lè yọ̀ kúrò lára bébà. Kò pẹ́ rárá tó fi kọjá mi. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n.

Mi ò ní purọ́ mọ́, ó dùn mí. Ó sì dùn mọ́ mi nínú pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ń yìn ín, mo máa ń sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ, ẹnu mi á máa dùn, inú mi á máa korò, mi ò sì mọ èwo ni kí n gbé, èwo ni kí n jù sílẹ̀. Ìyá Ọlọ́dà, alága wa, tó ń kọ pátákó ìsọ̀ fún gbogbo àdúgbò, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí yìí lọ́jọ́ kan. Ó gbé mọ́tò ìdíje tí mo tò sókè, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò yìí dáa o. Ẹ kàn jẹ́ kí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n bá yín tún etí fèrèsé rẹ̀ kùn kó tó lọ síbi àfihàn." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àna mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹ fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, pé ohun tí òun mọ̀, ọ̀dọ̀ wọn lòun ti mọ̀ ọ́n. Ó gbèjà mi lójú gbogbo èèyàn. Bóyá ìgbèjà yẹn ló bí mi nínú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Bóyá kì í sì í ṣe òun. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ mìíràn nìyẹn.

Nígbà náà ló ń to bàálù aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ọ̀dà yẹn. Ìsọ̀ mi ló ti ń tò ó, nítorí eruku sáńpépà kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣí aago. Ẹ súnmọ́ ọn kí ẹ wo yàrá awakọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bẹ́líìtì ìjókòó yẹn, ara bébà dídán tí wọ́n fi ń di oògùn ló ti gé e. Àwọn ojú ìwọ̀n wẹ́wẹ́ iwájú awakọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju irun bíi mélòó kan lọ ló fi kùn wọ́n, kò sì mí nígbà tó ń kùn wọ́n. Gbogbo wàhálà yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojú fi lè dé ibẹ̀: ìbòrí ike tó mọ́ bí omi, tí wọ́n fi bo orí awakọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọ òfin ìbòrí. Súpà gúlúù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Bí súpà gúlúù bá ń gbẹ, èéfín tí a ò lè rí máa ń jáde lára rẹ̀, á lọ bà lé ike tó mọ́, á sì di funfun bí èémí ẹni lára dígí, àfi pé èyí kì í parẹ́. Gúlúù funfun àwọn káfíńtà la máa ń lò fún un.

Nígbà tí àfihàn kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó parí inú bàálù náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé kó tó lẹ ìbòrí, kí òróró ìka má bàa fi àmì sára rẹ̀. Súpà gúlúù tí mo fi ń lẹ rọ́bà ẹsẹ̀ máṣíìnì wà níwájú mi. Mo mú un. Mo fi orí abẹ́rẹ́ kán díẹ̀ sábẹ́ ìjókòó awakọ̀, níbi tí ojú kò lè tó, mo tún kán díẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Èmi tí ẹ ò fún ní orúkọ yẹn, ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ó padà wọlé, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi gúlúù funfun yí etí ìbòrí ká, ó gbé e lé orí awakọ̀, ó ní kí n wá wò ó. Mo ní ó dáa. A jọ fi abọ́ bò ó nítorí eruku. Èrò mi ni pé á bínú sí ara rẹ̀, á tún un ṣe, àfihàn á sì ti kọjá. Èrò mi nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá rò ó kún un.

Nígbà tó ṣí abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbòrí ti funfun nínú. Ó dà bí ẹni pé èèyàn kan wà nínú bàálù yẹn tó ń mí. Àna mi gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó fi aṣọ nù ún, ó fi aṣọ náà nu awò ojú rẹ̀. Ó ní ó jọ ti súpà gúlúù, ṣùgbọ́n òun ò fọwọ́ kan súpà gúlúù. Bí ó bá rò ó síwájú díẹ̀ sí i, ọ̀dọ̀ mi ni ìrònú yẹn máa já sí. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé ẹ rí kùrukùru inú rẹ̀?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo ní, "Kùrukùru wo? Ó mọ́ gaara."

Mi ò pète rẹ̀. Ẹnu mi sọ ọ́, etí mi sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ká ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, á ní kó lọ bọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mo jẹ́, èmi sì ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Kò lè pe àna rẹ̀ ní òpùrọ́, ó wá pe ojú ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Ó bọ́ awò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú, ó wo fèrèsé, ó ní ó jọ pé kùrukùru díẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mi ò tíì fọ fèrèsé yẹn láti ìgbà tí mo ti gba ìsọ̀. Ká ní mo sọ ìyẹn nìkan, à bá jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá sì tú. Mi ò sọ ọ́.

Ó fẹ́ gbé e lọ han ìyàwó rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí gúlúù gbẹ tán, pé èmi á gbé e wá. Mo ní páálí irú bàálù yẹn kan nílé tí mi ò tíì tò. Gúlúù funfun máa ń rọ̀ bí omi bá kàn án, nítorí náà mo fi òwú tútù yí etí ìbòrí ká, mo mú sùúrù, ó ṣí. Mo gé ìbòrí tuntun láti inú páálí tèmi, mo fá etí rẹ̀, mo kun àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tó ní kùrukùru, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́ mọ́ èérún ike. Iṣẹ́ náà bọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi fi dùn. Ẹ gbọ́ mi: inú mi dùn. Nírọ̀lẹ́, nínú pálọ̀ wọn, àbúrò mi gbé e sábẹ́ iná, ó ní kí ni ọkọ òun ti ń wí láti àárọ̀. Ó ní, "Bàbá Aago, ó kù díẹ̀ kí o máa fi ojú yìí pe obìnrin mìíràn ní èmi." Àna mi wò ó títí. Ó ní, "Ó mọ́ báyìí. Láàárọ̀ kò mọ́." Ó wò mí. Èmi wo bàálù.

Ojú tó fọ́, èèyàn á mọ̀ pé ó fọ́, á wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ni kò ṣeé fi tún aago ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí aago tó ti dé, á dé e, á tún ṣí i, á ní bóyá òwú kan wà nínú rẹ̀ tí òun ò rí. Lẹ́yìn náà ló dá aago àwọn èèyàn padà láìtún un ṣe. Èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní dígí inú ojú rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n irú ìyẹn kì í dé láàárọ̀ kó lọ nírọ̀lẹ́. Àna mi gbọ́ apá kìíní, kò gbọ́ apá kejì. Èmi gbọ́ méjèèjì, mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tí a fẹ́ sọdá títì, ó di apá mi mú, ọkùnrin tó lè ka nọ́ńbà mọ́tò tó ń bọ̀ lókèèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Tí kì í bá ṣe yín, ǹ bá ṣì máa tan ara mi jẹ." Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Mo rò pé ìlara ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di apá mi mú, mo tún di olùkọ́ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣé ìyẹn ni mo ń wá? Ojú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń lọ lóòótọ́, tó fi jẹ́ pé irọ́ mi kàn ṣíwájú òtítọ́ ni? Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti fẹ́ ti ìsọ̀ aago pa, kí wọ́n kó lọ bá ọmọ wọn ní ìlú mìíràn, nítorí gbólóhùn kan tó jáde lẹ́nu mi. Àbúrò mi, mo rí bí o ṣe ń mirí. O rò pé àánú ọkọ rẹ ló ń ṣe mí ni mo fi ń gba ẹ̀bi. Bó bá jẹ́ àánú ni, ibo ni mo ti máa mọ ibi tí súpà gúlúù wà? Ẹ ṣí bàálù yẹn, ẹ wo abẹ́ ìjókòó. Ó ti gbẹ síbẹ̀, ó funfun létí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí, mi ò ní sọ pé kí ẹ má jowú, ta ni kì í jowú? Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé nǹkan fún yín, tó ní kí lẹ rí, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Àna mi, mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Bó bá wù ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, mo wà níbi tí o ti mọ̀ mí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ sí báyìí ni pé kí o kó irinṣẹ́ rẹ padà. Mi ò mọ bí ojú rẹ ṣe rí lónìí, mi ò sì mọ bí yóò ṣe rí lọ́la. Bó bá ń lọ, jẹ́ kó jẹ́ ojú rẹ ló máa sọ fún ọ, kó má ṣe jẹ́ èmi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kùrukùru wà níbẹ̀. O rí i dáadáa. Èmi náà rí i.