Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ṣá rọ́bà omi ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó kà á tán. Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, ó sì rán mi níṣẹ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àgbẹ̀ ni wá, lẹ́bàá Òkè-Oyi. Bàbá wa fi àkùrọ̀ kan sílẹ̀ létí odò, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì pín in sí méjì. Ata rodo la máa ń gbìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, tí a ó kó lọ sí ọjà Ìpàta. Inú mi máa ń tètè bí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, obìnrin olùkọ́ kan wá láti yunifásítì. Ó fẹ́ mọ irú ọ̀nà ìbomirin tí kì í fi omi ṣòfò. Ó fún ẹ̀gbọ́n mi ní rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ tí omi ń kán láti ara rẹ̀ sídìí ata. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi sì ń bu ajílẹ̀ yúríà sí i, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Obìnrin náà ní kí èmi máa ṣe é bí mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí òun lè fi wéra. Èmi ń fi ẹ̀rọ fa omi kún poro títí ẹsẹ̀ á fi rì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì da yúríà mi sí i.

Omi tí ẹ̀gbọ́n mi lò kò tó ìdajì tèmi. Síbẹ̀ ata rẹ̀ so jìngbìnnì, ewé tèmi sì ń pọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ wá wò ó, olùkọ́ náà dúró sórí ebè mi, ó ní, “Ata kọ́ ló ń mu gbogbo omi yìí o. Ńṣe ló ń gbá ajílẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ò dé.” Ẹnì kan nawọ́ sí mi, ó ní, “Ẹja inú odò ni Rájí ń bọ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Kàkà kí n gbọ́ràn, mo lọ da odindi àpò yúríà kan sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ata mi fi jó gbẹ pátápátá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti lọ kírun, mo mú àdá lọ sóko ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣá rọ́bà náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Inú mi dùn bí mo ṣe ń ṣá a. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti rántí pé òun kò ti táàpù táǹkì omi tó ń bọ́ rọ́bà náà, tó sì yà padà wá.

Mo sá sẹ́yìn táǹkì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú rọ́bà tí mo ṣá náà dání, ó ní, “Ta ni mo ṣẹ̀?” Bó bá yíjú báyìí, yóò rí mi. Mo gbé ọkọ́ rẹ̀ tó wà nílẹ̀, mo fi lù ú lẹ́yìn orí. Ó ṣubú. Mo tún lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú poro, níbi tí omi tó ń jò láti ara rọ́bà ti dúró. Mo yí ojú rẹ̀ kúrò nínú omi kó má bàa kú, mo sì sá.

Nígbà tí wọ́n rí i lẹ́yìn ìrun, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé mo rí màálù Umoru létí odò. Umoru ni Fúlàní tó ń fún wa ní ìgbẹ́ màálù fún oko. Màálù rẹ̀ ti tẹ ata ẹnì kan mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí náà kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀rí. Wọ́n dáná sun gáà tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Wọ́n fi igi lù ú, ó ń búra pé wallahi, kì í ṣe òun. Èmi náà lù ú. Èmi gan-an ni mo ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì ò gbọ́ràn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo rọ́bà náà. Oko mi ti ń ṣe dáadáa láti ìgbà náà.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ó ní, “Rájí, bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ rí, forí jì mí nítorí Ọlọ́hun.” Mi ò lè wò ó lójú. Ó wá ní òun gbọ́ pé Umoru ti kó lọ, pé ọ̀nà Bódè Sáádù ló ń gbé báyìí. “Mi ò lè gbé e sínú lọ sílé Ọlọ́hun. Bá mi lọ sọ fún un pé mo ti forí jì í.”

Mo lọ. Umoru jókòó lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó wá ní, “Rájí, mo rí ẹ lọ́jọ́ yẹn. Òdìkejì odò ni mo wà. O ń sá, àdá wà lọ́wọ́ ẹ.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?” Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fún mi ní wàrà, ó sì ní kí n kí ẹ̀gbọ́n mi, pé òun dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni Umoru wí. Kí ni kí n sọ fún un?