Èèpo Ọ̀rúwọ̀ àti Ẹnu Bàbá Ládòkun

"Òbúkọ ni!"

"Ewúrẹ́ ni, Bàbá. Ẹ wo ọmú ẹ̀."

"Ọmú wo? Òbúkọ tó bá sanra náà a máa lọ́mú!"

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó pa mí síkùn. Ìjà ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ lọ́jà Ṣakí, lọ́dún tí ìjọba pààrọ̀ owó, ló bí ohun tí mo ṣe. Èmi Jímọ̀, tí mo kàwé dé Fọ́ọ̀mù Tù tí mo ní ìwé ti tó, ìdí igbá Ìyá Ọmọ́wùmí ni mo jókòó sí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta egbòogi. Bàbá Ládòkun wá ra èèpo ọ̀rúwọ̀ tó fẹ́ sè mu nítorí ibà. Bàbá yìí lè bá òjìji ara ẹ̀ jà! Ó ti gba èèpo lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ kò lọ. Mo ní ewúrẹ́, ó ní òbúkọ, òbúkọ, òbúkọ. Ni mo bá rojú koko bí ààfáà tó fẹ́ ṣe wàásù.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbóhùn yín títí ẹ ó fi sè é mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ara ẹ̀ ni ibà náà ń kó sí."

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ewé kan wà tí wọn kì í fọhùn já. Torí ẹ̀ ni irọ́ mi fi ríbi dúró. Bàbá pa ẹnu dé.

Mo tẹ̀ lé e kí n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n kí i, ó gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n bú u, ó gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó dé ẹ̀yìn àpáta, Àdìjátù, ọmọ ọmọ ẹ̀, ń sáré bọ̀ nínú koríko. "Bàbá, ẹ káàbọ̀! Kí lẹ rà fún mi?" Bàbá dúró gbagidi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fọwọ́ lé ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ rò pé eré ni, òun náà ń jó bọ̀. Èmi lẹ́yìn igi, mo dìkùn mú. Wàláhì, ẹ̀rín ni mo ń rín lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ fi igbe bọnu.

"Ẹ̀gún gún mi o!"

Bàbá gbé e kọ́ èjìká, ó sáré padà sídìí igbá. Ìyá Ọmọ́wùmí wo ẹsẹ̀ náà. "Ṣé ẹ̀gún ni? Bàbá Ládòkun, kí lẹ rí?" Bàbá na apá, ó ń wọ́ ọ kọ́lọkọ̀lọ lórí ilẹ̀. "Ijó tún ni? Jímọ̀, kí ló ṣe bàbá yìí?"

Ibi tó burú jù rèé. Mo mọ̀ pé ejò ló ń júwe. Mo mọ ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀: ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ gbóhùn ẹ̀, ibà á sì kó sí i lára. Ó wojú mi, omi lé ròrò lójú ẹ̀, ó ń fojú bèèrè bóyá kóun lanu. Mo mi orí: rárá o. "Bóyá eyín ló ń dùn wọ́n, Màámi." Èmi! Torí kí wọ́n má baà nà mí! Ìyá Ọmọ́wùmí fi ewé tó ń fa ẹ̀gún jáde lé ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n ní kó sùn.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ẹsẹ̀ wú bí ewùrà, ni Bàbá fi ìka ya ejò sínú yẹ̀pẹ̀. Ariwo sọ. Wọ́n gbé ọmọ náà dé ọsibítù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Lánàá ni Àdìjátù fi ọ̀pá rọra ń rìn bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá Jímọ̀, ijó tí Bàbá jó lọ́jọ́ yẹn mà dùn o!"

Lónìí Bàbá wá ra èèpo fún ìyàwó ẹ̀ tí ibà dá wó. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú ọjà. "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Èèpo yẹn ò léèwọ̀ kankan. Ẹ lè pariwo ejò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá na ìka sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ nǹkan tí ò ń tà. Ibà wo ló tún ṣe mí látìgbà náà? Ká ní mo lanu ni, ẹsẹ̀ nìkan kọ́ là bá sọ nù. Ẹnu tí mo pa dé ló gba ọmọ yẹn là!"

"Bàbá, ẹ ṣáà dárí jì mí."

"Òbúkọ sì ni!"

Ó gba èèpo lọ́wọ́ Ìyá Ọmọ́wùmí, ó pa ẹnu dé. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń rá tẹ̀ lé e. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń lọ bí ẹni tó jàre.