Iṣẹ́ Tí Tíṣà Rán Mi sí Màmá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́, mi ò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá. Ohun tí Màmá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Màmá ṣí ilé oúnjẹ kan sí Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun ni wọ́n fi tọ́ mi títí mo fi wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìkọ́kọrẹ́ àti ọbẹ̀ ẹja la fi mọ̀ wọ́n, bíà tútù náà sì wà. Àwọn oníbàárà kan ń wá lójoojúmọ́, olúkúlùkù ló ní ìjókòó tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Tíṣà Dọ̀tun, ará Efire, ìlú etí omi ní Ogun Waterside. Ìyàwó wọn ti kú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gbé àwo wọn wọ ilé ìdáná fúnra wọn, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀. Láti ìta la ti ń gbọ́ ẹ̀rín Màmá. Àwọn oníbàárà yòókù á ní, "Màmá, ọkọ yín ò tíì dé lónìí o." Màmá á bú wọn, ṣùgbọ́n Màmá náà ti ń kun àtíkè.

Ojú ń tì mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì máa ń wá jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún dà bíi pé Màmá àti Tíṣà fẹ́ pa orúkọ bàbá mi rẹ́.

Ní Sátidé kan, Màmá lọ síbi ìsìnkú ní Òrù. Tíṣà wọlé, wọ́n bá èmi nìkan. Iṣẹ́ ti gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ogun Waterside, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ń lọ. Fóònù ò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà.

Wọ́n ní, "Bá mi sọ fún Màmá rẹ pé mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ nípa wọn. Tí wọ́n bá gbà fún mi, kí wọ́n wá sí Efire ní Sátidé tó ń bọ̀. Màá máa retí wọn létí omi."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Màá sọ fún wọn."

Mi ò sọ. Ní Sátidé yẹn, Màmá ń rin ewùrà, mo jókòó tì wọ́n, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan ń retí wọn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ ti gbé Tíṣà lọ, wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọn ò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

Lẹ́yìn bí oṣù kan, Tíṣà wá. Màmá ti lọ ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, mo lè tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ní, "Màmá ní kí ẹ má bínú, sà. Àwọn ò fẹ́ ọkọ mọ́."

Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi." Wọn ò padà wá mọ́.

Ìgbéyàwó tèmi dàrú lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Mo kó padà sọ́dọ̀ Màmá pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin, mo ń bá wọn dáná. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mùfútáù, káfíńtà kan láti Òrù tó máa ń wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọlúàbí ni, ó sì ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mùsùlùmí ni, ìdílé Áńgílíkà sì ni tiwa. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún Màmá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́. Màmá gbé ọ̀bẹ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Jẹ́ kó wá kí mi. Tó bá fẹ́ràn rẹ dénú, fẹ́ ẹ. Má ṣe bíi tèmi. Mo retí ẹnì kan nígbà kan, kò tiẹ̀ dágbére fún mi. Bóyá ó wò mí dáadáa, ó rí i pé mo ti gbó jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, Màmá rò pé àwọn ni wọn ò dára tó.

Oníbàárà kan tó ń kó ẹja wá láti Efire sọ fún mi pé Tíṣà ṣì wà láàyè. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Mo jẹ́wọ́ fún Mùfútáù. Ó ní, "Mi ò ní torí rẹ̀ kọ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dọ̀bálẹ̀ gba ìwúre lẹ́nu Màmá, kí n sì mọ ohun tí wọn ò mọ̀."

Màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Ara wọn le, ọkàn wọn balẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Tíṣà ní Efire, tàbí kí n kúnlẹ̀ fún Màmá ná. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn ni mo fẹ́ tù nínú tàbí ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin ìyá: bó bá jẹ́ ọmọ yín ló ṣe irú èyí, ṣé ẹ ó fẹ́ kó sọ fún yín?