Fírísà inú ọkọ̀ bàbá Rejoice

Jùbrílù, má sọ̀ kalẹ̀! Dúró sínú ọkọ̀ yẹn bí o ṣe dúró, kí wáyà ọwọ́ rẹ náà dúró bó ṣe wà, nítorí èmi ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkọ mi ní kí o dè mọ́lẹ̀ sínú ọkọ̀ tó fi ń pẹja, tí gbogbo Ugbónlá ti wá wò ó tán kí èmi tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀ tó gbọ́!

Ẹn, káàsán. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ó yẹ kí o kí mi.

Ó ní omi tútù ni. Jọ̀ọ́, gbọ́ mi. Bàbá Rejoice dúró níwájú mi láàárọ̀ yìí, ó ń fi ìka ro etí, ó ní oòrùn orí òkun ti pọ̀ jù, òun fẹ́ máa rí omi tútù mu. Kingsley ọkọ mi o! Ọkùnrin tí mo ra omi yìnyín fún nígbà tí Mùínátù ìyá rẹ ń tà á ní èbúté yìí, tó ní eyín ń dun òun, tó dà á sódò lójú mi! Òun náà ló wá fẹ́ mu omi tútù, ni ẹ bá gbé fírísà tó lè gba ewúrẹ́ méjì àti ẹni tó ń dà wọ́n wá fún un. Omi wo? Ṣé òkun gan-an ló fẹ́ mu ni?

Má rẹ́rìn-ín. Bí o bá rẹ́rìn-ín, á jẹ́ pé o mọ nǹkan kan.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dúró lórí afárá yìí tí mò ń wò ọ́. Mo rí bí o ṣe fi bóòtù de ẹsẹ̀ fírísà náà mọ́ pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí o ń dè é bí ẹni ń de olè. Mo rí sólà tí o kàn mọ́ orí ìbòrí ọkọ̀. Mo rí bátìrì tí o tì sábẹ́ ìjókòó, tí o fi rọ́bà bò kí omi iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, ìyá rẹ lo fi jọ, obìnrin tí kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àgádágodo ń ṣe lẹ́nu fírísà? Ta ló ń ti omi tútù mọ́lé? Ta ló fẹ́ jí i lórí òkun, ẹja ni?

Àti pé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọkọ mi ti di ẹni rere. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́. Jùbrílù, ó fọ abọ́! Ó ránṣẹ́ kí ìyá mi ní Mọ́lútẹ̀hìn, ìyá mi tí wọn kì í dá ara wọn lóhùn láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi. Ó bi mí bóyá ẹ̀yìn ń dùn mí. Kí ló kàn án kan ẹ̀yìn mi lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí? Mo ní, ó ti tán, obìnrin kan ti wà níbì kan. Tolúlọpẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní irọ́ ni, ó ní àgbà ló ń dé sí i, ó ní ọgbọ́n ló dé. Ọgbọ́n! Ọgbọ́n wo ló ń fín lọ́fínńdà kó tó gba Ìgbọ́kọ̀dà lọ?

O ní kì í ṣe obìnrin. O fẹ́ fi Ọlọ́run búra. Ó dáa, gbé ọwọ́ sókè, kì í ṣe èyí tó di píláyà mú o, èkejì. Kì í ṣe obìnrin. Ta ló wá ra fírísà? Mo ní ta ló rà á? Èmi mọ ohun tó wà lápò ọkọ mi, èmi ni mò ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀ kí n tó rì í sómi.

Ẹn-ẹn? Tún un sọ. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá àgádágodo wá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ bàbá Rejoice, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àǹtí. Àǹtí wo? Jùbrílù, àǹtí wo? Má tẹjú mọ́ bátìrì, bátìrì kò ní bá ọ dáhùn!

Moríkẹ́. Moríkẹ́ tó ń ta ẹja yìnyín ní Ìgbọ́kọ̀dà. Òun ló ra fírísà, òun ló ra sólà, òun ló gbé iṣẹ́ fún ọ. Gbogbo ẹja tó bá sì wọ inú ẹ̀, tirẹ̀ ni.

Háà. Háà! Jẹ́ kí n jókòó.

Ṣé o mọ̀ pé inú mi ì bá dùn ká ní àlè ni? Mo fi ẹni tó dá mi búra! Àlè, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Kó wá gba ọkọ mi, kó máa gbọ́ bó ṣe ń hanrun, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ìpẹ́ ẹja kúrò lórí ìrọ̀rí. Ìyàwó kejì pàápàá, mo lè gbálẹ̀ yàrá dè é. Ṣùgbọ́n oníbàárà kejì? Lé mi lórí? Nígbà tí mo ṣì wà láàyè, tí apá mi ṣì ká iná?

Ọmọ Mùínátù, èbúté yìí la ti bí ọ, o mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Bí ọkùnrin bá tòkun dé, ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé agbọ̀n dé etí ọkọ̀. Èmi ni mò ń ná an, èmi ni mò ń bá a jà lórí iye rẹ̀, èmi ni mò ń yan án lórí àgbá, tí mò ń gbé e lọ sọ́jà. Èyí tí mi ò bá fẹ́ ni ẹlòmíràn ń rí rà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe pẹ̀lú bàbá mi. Kì í ṣe oore ni bàbá Rejoice ń ṣe fún mi, ṣé o gbọ́? Ẹja yẹn ló kọ́lé tó ń sùn sí. Ẹja yẹn ló rán Rejoice lọ sí yunifásítì. Èéfín rẹ̀ ló sọ ojú mi di pupa báyìí!

Ohun tó sì ń mú un padà wá bá mi látọjọ́ yìí, ṣé o rò pé ìfẹ́ ni? Oòrùn ni! Bó bá ti fa àwọ̀n tán, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ẹja kò ní dúró dè é. Kò ráyè yà ní Abereke lọ tàkúrọ̀sọ, kò ráyè wá ẹni tó máa sanwó jù mí lọ, ilé ló ń sáré bọ̀ kí ẹja tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oòrùn á máa lé e bọ̀ látẹ̀yìn, èmi á ti gbé agbọ̀n dúró níwájú. Àwa méjèèjì la jọ fẹ́ ọkùnrin yẹn!

Ìwọ wá gun orí ọkọ̀, o mú oòrùn kan náà, o fi wáyà fà á sínú bátìrì, o ní kó máa bá Moríkẹ́ ṣiṣẹ́. Oòrùn tèmi! Ọ̀dàlẹ̀ ni òun náà. Bó bá yọ lọ́la, mi ò ní wò ó lójú.

Ìsìmáílà, mo ń rí ọ níbẹ̀ yẹn o! Ìwọ tí ò ń díbọ́n bí ẹni ń tún àwọ̀n ṣe, ihò àwọ̀n yẹn ti dí láti àná. Máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá de irú èyí mọ́ ọkọ̀ tìrẹ, ìyàwó rẹ kò ní sọ̀rọ̀ tó báyìí, ṣe ló máa ri ọkọ̀ náà.

Kí ni mo fẹ́? Ó mà bi mí ní ohun tí mo fẹ́! Èmi kì í ṣe ọ̀tá fírísà. Kó máa gbé e kiri. Ṣùgbọ́n èbúté yìí ni kó kọ́kọ́ yà kó tó yà síbòmíràn. Kí n ṣa tèmi, ọ̀bọ̀kún tó lọ́ràá, ṣáwá tó lè dúró lójú iná, kí èyí tó bá kù wọ inú yìnyín. Kí Moríkẹ́ wá kó ìyẹn, èmi gan-an á bá a gbé e. Kí ọkọ mi sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, níwájú ìwọ tí o so wáyà, níwájú Ìsìmáílà tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí lẹ́nu.

Wáyà wo ló kù tí o kò tíì so? Èyí pupa yẹn? Ìyẹn ló máa gbé iná láti bátìrì wọ inú fírísà? Mú un wá. Mo ní mú un wá, àbí kí n wọ inú ọkọ̀ bá ọ? Ó ní iná yóò gbé mi! Bátìrì kan ṣoṣo yìí? Kó gbé mi, ká jọ lọ.

Ẹ̀hẹn. Mo ti wé e mọ́ ọwọ́. Mo sì ti jókòó lé fírísà lórí. Bóòtù rẹ lágbára, ó gbà mí dáadáa.

Máa lọ. Ó wà nílé Olówòkéré, ọtí ló ń mu níbẹ̀, ó ń dúró kí o wá sọ pé o ti parí. Ní kó máa bọ̀. Má sọ pé mo pariwo, má sọ pé mo sunkún, nítorí mi ò sunkún. Bó bá bi ọ́ pé báwo lo ṣe fi mí sílẹ̀, sọ fún un pé ẹ̀rín ni mò ń rín. Ìyẹn ló máa jẹ́ kó sáré.